Ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà: bí ẹ ṣe máa wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ra pátì

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí mẹkáníìkì bi yín nígbà tí ọkọ̀ yín bá ń kú ni pé: ìgbà wo ló máa ń kú? Tí kò bá bèèrè, tó kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sì ní kí ẹ lọ ra pọ́ǹpù epo wá, ẹ rọra ná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, tó sì jẹ́ pé orí bátìrì tí kò fún ló ń pa á. Pátì ti wọ́n ju ohun tí à ń fi ta tẹ́tẹ́ lọ. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo àsìkò tí ọkọ̀ ń kú àti bó ṣe ń kú, òun fúnra rẹ̀ á sọ ibi tí àrùn wà. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù, irú Corolla, Camry àti Accord tó kún títì wa, ni mo ní lọ́kàn jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ lórí ìrìn

Ẹ̀mí ṣáájú àtúnṣe. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sítíárì á le, bíréèkì náà á le, nítorí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Wọn kò bàjẹ́ o. Sítíárì ṣì máa yí, agbára ló máa gbà. Bíréèkì ṣì ní ìrànlọ́wọ́ tó kù sínú rẹ̀ fún ìtẹ̀ kan tàbí méjì, nítorí náà ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dì í mú. Ẹ tan iná hazard, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fi eré tó kù lára rẹ̀ yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́, torí sítíárì lè lọ́ọ̀kì. Bí àyè bá wà, ẹ fi jíà sí N kí ẹ gbìyànjú láti ṣíná padà bó ti ń yí lọ. Ọkọ̀ ọlọ́tòmátíìkì kò ní ṣíná lórí D.

Nígbà tí ẹ bá dúró, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tó jìnnà dáadáa, kí gbogbo èrò sì bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú títì. Èyí ṣe pàtàkì gan-an lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí tírélà kì í ti í tètè rí ọkọ̀ tó dúró sójú kan. Nọ́ńbà pàjáwìrì àwọn FRSC ni 122.

Èyí tó tún burú ju kí ọkọ̀ kú lọ ni kí asẹ́lẹ́rétọ̀ há, kí ọkọ̀ máa sáré nígbà tí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dì í mú, ẹ fi jíà sí N. Ẹ́ńjìnnì á ké gan-an. Ẹ jẹ́ kó máa ké. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dúró, ìgbà náà ni kí ẹ wá pa iná. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì tó ń jù ú sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà lórí eré yóò tètè pàdánù ìrànlọ́wọ́ bíréèkì, torí afẹ́fẹ́ tí bíréèkì ń fi ẹ́ńjìnnì fà kì í sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) bá ṣí gbayawu.

Ohun tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe gan-an

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé epo là ń tú sínú ẹ́ńjìnnì tí a bá tẹ asẹ́lẹ́rétọ̀. Lára ọkọ̀ onínọ́sù (injector, tó ń fọ́n epo), afẹ́fẹ́ là ń ṣílẹ̀kùn fún. Nínú throttle body, irin pẹlẹbẹ roboto kan wà tó ń ṣí bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe tẹ̀ tó. Sẹ́ńsọ̀ kan, MAF lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, MAP lára àwọn mìíràn, ló ń jẹ́ kí brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) mọ bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ṣe pọ̀ tó. Brain box á wá pàṣẹ fún nọ́sù láti fọ́n epo tó bá a mu: afẹ́fẹ́ tó wúwo tó 14.7 fún epo tó wúwo tó 1. Púlọ́ọ̀gì á sì tan iná sí i. Ẹ́ńjìnnì tó ń kú ti pàdánù afẹ́fẹ́, epo tàbí iná, tàbí kí ìwọ̀n wọn ti dàrú, tàbí kí brain box má mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé mọ́ nítorí pé sẹ́ńsọ̀ crankshaft, tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, dákẹ́.

Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, irin pẹlẹbẹ yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná á máa wà lórí síló (yíyí jẹ́jẹ́ láìtẹ asẹ́lẹ́rétọ̀), láàárín 600 sí 800 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tó bá tutù lówùúrọ̀, ó lè kọjá 1,200 kó tó rọra sọ̀kalẹ̀. Orí síló yìí ni àárẹ̀ ọkọ̀ ti tètè máa ń hàn, torí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kéré débi pé ẹ̀gbin tín-ín-rín tàbí rọ́bà tó là díẹ̀ lè da ìwọ̀n rẹ̀ rú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kan fi lè sáré kọjá Ògèrè láìsí wàhálà kankan, kó wá máa kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọ̀jọ́ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ bó ṣe ń kú sílẹ̀

Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù ní ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Ṣé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ni àbí ó ti gbóná? Ṣé ẹsẹ̀ yín wà lórí asẹ́lẹ́rétọ̀ àbí ẹ ti gbé e kúrò? Ṣé AC ń ṣiṣẹ́? Epo inú táǹkì ńkọ́, ibo lẹ sì ti rà á? Ṣé ó ṣíná padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àbí ó ní kó sinmi kó tó gbà?

Ìbéèrè tó wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bó ṣe kú. Tó bá kú lójijì, bí ìgbà tí èèyàn pa kọ́kọ́rọ́, láìgbọ̀n láìjẹ́kì, ọ̀rọ̀ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: wáyà, rílè (relay, swítìṣì tí iná ń tàn), orí bátìrì, sẹ́ńsọ̀ crankshaft. Tó bá kọ́kọ́ gbọ̀n, tó ń jẹ́kì, tí agbára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú, epo tàbí afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Nípa iná dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ṣọ́ra. Iná bátìrì àti iná ọ́ìlì máa ń tàn nígbàkúùgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní ON, kò túmọ̀ sí pé àwọn ló pa á. Èyí tó bá tàn ṣáájú kó tó kú ló ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ iná ọ́ìlì, tàbí tí ọwọ́ ìgbóná bá ti lọ sókè pátápátá, ẹ má gbìyànjú láti ṣíná mọ́. Ẹ ní kí wọ́n wọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú àti ọwọ́ kó tó kan owó

Ẹ pa iná, ẹ di orí bátìrì méjèèjì mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí i. Tó bá yí rárá, ẹ fún un. Tí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá wà níbẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó gbẹ kí ẹ tó dì í padà. Ẹ tẹ̀lé wáyà dúdú láti orí bátìrì dé ibi tí wọ́n ti dì í mọ́ ara ọkọ̀ àti mọ́ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá ti dípẹtà níbẹ̀ lè pa ọkọ̀ nígbà tó bá bọ́ sí kòtò. Bátìrì tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 fóòlìtì (volt) tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fún ìgbà díẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tó bá wà lábẹ́ 13 tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, ẹ yẹ ọ́títánétọ̀ (alternator, tó ń fi iná sí bátìrì) wò. Ọkọ̀ tí ọ́títánétọ̀ rẹ̀ ti kú máa ń kìlọ̀: iná iwájú á pọ́n, wáípà á falẹ̀, rédíò á dákẹ́, kí ẹ́ńjìnnì tó wá kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ họ́ọ̀sì ńlá tó ti inú fílítà afẹ́fẹ́ lọ sí throttle body wò. Ẹ tẹ abẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ká bí akọ́díónì, torí ibẹ̀ ló máa ń là sí tí ojú kò ní rí i. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò kọjá níwájú MAF, nítorí náà brain box kò kà á mọ́ èyí tó máa fún lépo. Àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ara intake (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) náà ńkọ́? Ní àyíká tó dákẹ́, tí ẹ́ńjìnnì wà lórí síló, ẹ tẹ́tí sí ìró "sììì".

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún yín: tracker àti àláàmù tí wọ́n fi sí ọkọ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà máa ń gé wáyà pọ́ǹpù epo tàbí ti ìgnísọ̀n, kí wọ́n fi rílè kékeré kan há a láàárín, kí wọ́n lè pa ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Tí rílè olówó pọ́ọ́kú yẹn bá gbóná, tàbí tí ibi tí wọ́n fi téèpù wé bá ja, ọkọ̀ á kú fín-ín, sìkánà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe ọkọ̀) kò sì ní rí nǹkan kan. Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn tí wọ́n fi tracker sí i, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í sí i kí ẹ tó lọ sí ọjà pátì Ládípọ̀. Lára àwọn Ford kan, swítìṣì kan tún wà tó ń gé epo tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Kòtò tó jinlẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì orí rẹ̀ ni ẹ máa tẹ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi àsìkò wá àrùn

*Ó ń kú tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ní ìdúró tàbí nínú go-slow.* Throttle body tó dọ̀tí ló wọ́pọ̀ jù, tàbí IAC (fáàfù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ lórí síló) lára ọkọ̀ oníwáyà àtijọ́, èyí tí wáyà so asẹ́lẹ́rétọ̀ rẹ̀ mọ́ throttle. Tó bá ń burú sí i nígbà tí AC bá wọlé tàbí tí ẹ bá ń yí sítíárì, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí rẹ̀ nìyẹn: ẹrù wọlé, afẹ́fẹ́ kò tó láti gbé e. Mo máa sọ bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Lára ọ̀tòmátíìkì, tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá bọ́ láti orí eré tí ẹ fẹ́ dúró ló ń kú, tí kò sì kú tí ẹ bá sáré fi sí N kó tó dúró, àpótí jíà ni kí ẹ wò, ní torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà).

*Ó ń kú tó bá ti gbóná, tó bá sinmi ní ìṣẹ́jú ogún tàbí ọgbọ̀n á ṣíná padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.* Sẹ́ńsọ̀ crankshaft nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kan nígbà tó bá kú: ẹ máa wo ọwọ́ rpm bí ẹ ṣe ń gbìyànjú láti ṣíná. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kó gbéra díẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀ sórí òdo bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí, brain box kò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ náà. Àwọn kan máa ń rọra da omi tútù sára sẹ́ńsọ̀ náà. Tó bá ṣíná lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rí ti pọ̀ sí i. Pọ́ǹpù epo tó ti gbó náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ rpm yẹn yà wọ́n sọ́tọ̀.

*Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń rò ó, ó ń jẹ́kì, kò lè gun òkè.* Tó bá jẹ́ òkè Mọ́kọ́lá ni ẹ ti mọ̀, ẹ wo epo àti èéfín. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn agbára epo. Ọ̀pọ̀ Toyota tí kò ní rọ́bà tó ń dá epo padà sí táǹkì máa ń wà láàárín 44 sí 50 psi. Tó bá kéré, tàbí tó ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, pọ́ǹpù tàbí fílítà epo ni. Tí agbára epo bá pé, tí ẹ́ńjìnnì kò sì lè kọjá 2,500 tàbí 3,000 rpm, tí abẹ́ ọkọ̀ ń gbóná gan-an, catalytic converter (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) lè ti dí: ẹ́ńjìnnì dà bí ẹni tí wọ́n dí nímú. Mẹkáníìkì á yọ sẹ́ńsọ̀ oxygen àkọ́kọ́, kí èéfín rí ibi gbà jáde. Tí agbára bá padà, ó ti rí i. Ẹ má kàn jẹ́ kí wọ́n gún un dànù. Kọ́ìlì tàbí púlọ́ọ̀gì tó ń mísì, tó ń jẹ́ kí epo tí kò jó dé ibẹ̀, ló sábà máa ń pa á, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

*Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ra epo.* Ẹ fa epo díẹ̀ sínú ìgò funfun tó mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Omi á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ sì máa rí ìlà tó pín wọn. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà ọ̀wọ́ngógó léwu jù. Ilé epo gidi pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo: ní oṣù kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ tó ń bójú tó epo ní Nàìjíríà, kéde pé epo tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí Nàìjíríà fàyè gbà ti wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa táǹkì gbẹ. Epo tuntun tí ẹ bá dà lé èyí tó bàjẹ́ lórí kò ní wò ó sàn.

Ẹ sì jáwọ́ nínú kí ẹ máa fi ọkọ̀ rìn lórí iná rìsáfù. Inú epo ni pọ́ǹpù wà, epo yẹn náà ló ń mú un tutù.

*Ó ṣíná, ó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì.* Ẹ wá àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí ọkọ̀ kékeré tó ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìmọ́bíláísà (ẹ̀rọ tó ń dènà olè) kò dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀. Ẹ gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ kejì.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bóyá pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ Toyota kì í tan pọ́ǹpù tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON nìkan. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ló máa ń tan. Ẹ ní kí ẹnì kan máa ṣíná, kí ẹ̀yin gbé etí sórí àga ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tó dára ni wọ́n ti yọ dànù nítorí pé ẹni tó tẹ́tí sí i kò mọ èyí.

Tó bá jẹ́ asẹ́lẹ́rétọ̀ fúnra rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ní ìlú wa, èèyàn máa ń tẹ́ máàtì rọ́bà lé orí máàtì kápẹ́ẹ̀tì, kò sì ní ìkọ́ tó dì í mú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, èèyàn mẹ́rin kú ní agbègbè San Diego nínú Lexus ES 350 kan tí wọ́n tẹ́ máàtì ọkọ̀ mìíràn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Toyota pe àìmọye ọkọ̀ padà nítorí máàtì, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2010, ó tún pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 padà ní Amẹ́ríkà nítorí asẹ́lẹ́rétọ̀ tó lè máa lẹ̀. Camry 2007 sí 2010 àti Corolla 2009 sí 2010 wà lára wọn. Àwọn ọkọ̀ ọdún yẹn ló kún Èkó àti Ìbàdàn lónìí. Ẹ yọ máàtì kejì. Ẹ fi ìkọ́ di èyí tó kù. Ẹ fi ọwọ́ tẹ asẹ́lẹ́rétọ̀ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí iná ọkọ̀ wà ní pípa, kí ẹ jù ú sílẹ̀ lójijì: ó gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú agbára, láìdúró lọ́nà.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ oníwáyà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo wáyà náà láti ibi tó ti jáde títí dé throttle. Tí okùn irin kan bá ti já níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lára ọkọ̀ tí kò ní wáyà, sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ fún brain box ibi tí ẹsẹ̀ yín wà, ọ̀nà méjì ló sì fi ń sọ ọ́. Tí méjèèjì kò bá bára mu mọ́, brain box á fòyà, á dín agbára kù: ọkọ̀ á kàn máa wọ́. Ẹ kò ní lè fi sáré, ṣùgbọ́n á gbé yín dé ẹ̀gbẹ́ títì.

Sìkánà

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò OBD2, níbi tí wọ́n ń ki sìkánà bọ̀, lábẹ́ sítíárì. Sìkánà Bluetooth kékeré àti fóònù yín ti tó láti bẹ̀rẹ̀. P0335 tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ crankshaft, P0171 sí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù fún epo, P0505 sí síló, P0300 sí mísì, P2135 sí sẹ́ńsọ̀ throttle, P2138 sí ti asẹ́lẹ́rétọ̀. Kóòdù kì í sọ pátì tí ẹ máa rà. P0171 lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó là, MAF tó dọ̀tí, tàbí pọ́ǹpù tó rẹ̀. Ẹ kọ kóòdù náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́.

Ẹ ṣí live data (nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ lọ́wọ́) lórí sìkánà. Kọ́kọ́rọ́ ní ON, ẹ́ńjìnnì ní pípa, ẹ rọra tẹ asẹ́lẹ́rétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ máa gòkè ní tẹ̀léńtẹ̀lé. Tó bá fò, tàbí tó padà sí òdo lójijì, ẹ wo ìdìmú wáyà rẹ̀ ná, pàápàá tí omi bá ti wọ inú ọkọ̀ yẹn rí.

Bí ẹ ṣe máa fọ throttle body

Ẹ ra throttle cleaner. Pẹtiróòlù kọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, torí iná. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú kílípù họ́ọ̀sì ńlá, ẹ fà á kúrò. Ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ náà, pẹ̀lú òrùka dúdú yí etí rẹ̀ ká níbi tó ti ń pa dé. Òrùka yẹn ni ọ̀tá. Ẹ fọ́n cleaner sára àkísà tó mọ́, kì í ṣe kí ẹ tú u gbàràgàdà sínú ihò, kí ẹ sì rọra nu etí irin náà yíká. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí sáńpépà kàn án. Lára èyí tó ń lo iná, ẹ má ti irin náà pẹ̀lú ìka nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON: ó lè pa dé mọ́ yín níka.

MAF wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì máa ń fọ̀ ọ́ pọ̀. Tirẹ̀ ní cleaner tó yàtọ̀. Wáyà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi àkísà nù ún. Ẹ fọ́n ọn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà.

Tí ẹ bá dì í padà tí síló ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Brain box ti mọ́ ìdọ̀tí àtijọ́ lára, ó ní láti kọ́ ti tuntun. Ẹ jẹ́ kó gbóná, kó dúró lórí síló bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí AC, kí ẹ tan AC kó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé sìkánà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn.

Kí ẹ tó san owó ọ̀yà

Ẹ gba pátì àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ kó o lọ ilé. Tí àrùn bá padà, ó ṣeé fi síbẹ̀ láti fi wé. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ náà ní irú ipò tó ń kú sí gan-an. Ọkọ̀ tó ń kú lọ́sàn-án nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú AC kò tíì ní ẹ̀rí àtúnṣe kankan tí ẹ bá dán an wò láàárọ̀ kùtùkùtù lójú ọ̀nà tó dá. Ẹ tan AC, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ jókòó sínú rẹ̀ lórí síló, ẹ yí sítíárì dópin ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 3,000 kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ lójijì. Ẹ ní kí mẹkáníìkì jókòó tì yín bí ẹ ti ń ṣe é.